Awakọ̀ Tí Kò Ní Ibùdókọ̀

Mo mọ ìlú Gdańsk ju bó ṣe mọ̀ mí lọ.
Mo mọ ibi tí irin ti tẹ̀ lẹ́bàá odò,
igun tí tíráàmù ti í ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú,
fèrèsé tó máa ń tàn ṣáájú aago márùn-ún,
àti èyí tí ajá ti ń yọjú.
Orúkọ gbogbo ibùdókọ̀ wà létè mi
títí dé Wrzeszcz,
àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ ń dún bí ẹja tí wọ́n jù sínú epo gbígbóná.
Mo ń gbé wọn relé, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́wọ̀ọ̀wọ́.
Èmi nìkan ni n kò ní ibi tí mo ti máa bọ́ sílẹ̀.

Ní Kutaisi, wọ́n ní, "Nestan, iṣẹ́ ń bẹ lọ́hùn-ún,
wọ́n ń wá awakọ̀ lójú méjèèjì."
Òótọ́ ni. Wọ́n fún mi láṣọ, wọ́n fún mi ní fìlà,
wọ́n kọ́ mi ní èdè bíréèkì àti èdè agogo.
Kò sẹ́ni tó rántí pé awakọ̀ a máa sùn.

Oṣù mẹ́ta lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú Lamara,
àwa márùn-ún nínú yàrá kan, bàtà mẹ́wàá lẹ́nu ọ̀nà.
Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ni omi gbígbóná.
Ìyá mi di àsálà sínú ìgò fún mi.
N kò ṣí i.
Mo ní ó di ọjọ́ tí mo bá ní tábìlì.

Yàrá àkọ́kọ́: ènìyàn mẹ́tàlélógún lórí àtẹ̀gùn,
kálukú mú ìwé owó oṣù dání bí ẹni tó wá gba oyè.
Yàrá kejì: onílé gbọ́ bí mo ṣe ń pe ọ̀rọ̀,
ló bá rántí pé ẹ̀gbọ́n òun ti gbà á lánàá.
Ẹ̀kẹta dára. Ó dára púpọ̀.
Owó rẹ̀ jẹ owó oṣù mi tán, ó tún ń lá àwo.
Ẹ̀kẹrin, mo ti sanwó.
Mo gbé àpótí mi débẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé:
ilé ìtọ́jú eyín ni.

Lọ́fíìsì, obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì béèrè àdírẹ́sì.
Mo ní mò ń wá a.
Ó ní láìsí àdírẹ́sì, kò sí nọ́ńbà.
Onílé sì ti ní láìsí nọ́ńbà, kò sí kọ́kọ́rọ́.
Mo rẹ́rìn-ín,
bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀ bá lè rẹ́rìn-ín.

Bàbá kan wà, Bogumił,
tí í wọkọ̀ mi láàárọ̀ kùtùkùtù, tí kì í lọ síbì kankan.
A dé etí òkun, a padà, ó bọ́ sílẹ̀.
Lọ́jọ́ tí yìnyín bo irin, ó ní,
"O ń wakọ̀ bí ẹni tí kò sùn."
Mo sọ fún un. Èdè tán lẹ́nu mi, mo fọwọ́ parí rẹ̀.
Ó dákẹ́ fún ibùdókọ̀ mẹ́rin.
"Mo ní yàrá kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó mi ló ń gbé inú rẹ̀."

Kò dín kọ́bọ̀ kù.
Ó ní n kò gbọdọ̀ din ẹja,
kí n má sì sún ẹ̀rọ náà kúrò lójú fèrèsé.
Ṣùgbọ́n ó kọ orúkọ mi sára àpótí lẹ́tà.
Ó ṣì í kọ. Ó sọ mí di Nastan.
Mo wò ó títí. N kò ní kó tún un ṣe.

Ilé làbọ̀ sinmi oko.
Wọn kò sọ pé oko náà lè máa gba abẹ́ fèrèsé kọjá.
Mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe tábìlì,
mo ṣí àsálà ìyá mi. Díẹ̀ ti bu. Mo jẹ ìyókù.
Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi mi,
mo gbọ́ tí Bogumił rọra ti ilẹ̀kùn jáde.
Lẹ́yìn náà ni ife mì tìtì lórí ẹ̀rọ.
Mo la ojú kan, mo wo aago:
wọ́n fi ìṣẹ́jú méjì pẹ́.